Ojúṣe Ẹni Tó Dá Ohun Tuntun Nípa Sáyẹ́ǹsì: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́ àti àwọn òbí sábà máa ń bi mí nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ohun tí sáyẹ́ǹsì ń dá sílẹ̀ àti ẹni tí yóò dáhùn fún un. Mo kó wọn jọ síbí, mo sì dáhùn wọn bí agbára mi ti mọ. Ìdáhùn kan gùn ju òmíràn lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan wúwo ju òmíràn lọ.

Kí ni ó túmọ̀ sí pé ẹni tó dá nǹkan ní ojúṣe lórí rẹ̀?

Ó túmọ̀ sí pé iṣẹ́ rẹ̀ kò parí ní ọjọ́ tí ó rí ohun tó ń wá. Yorùbá ní ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Kí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó yẹ kí ó ti bi ara rẹ̀ léèrè ta ni nǹkan yìí lè pa lára. Bí ó ti ń ṣe é lọ́wọ́, kò gbọdọ̀ fi ewu tó bá rí pamọ́. Nígbà tí ohun náà bá sì ti dé ọwọ́ aráyé, ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lára rẹ̀, kí ó lè tètè figbe ta bí ó bá rí i pé ó ń ṣe ibi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rò pé ọ̀kan náà ni ojúṣe àti ẹ̀bi. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tí kò jẹ̀bi ohunkóhun ṣì lè ní ojúṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí iná ṣèèṣì ràn nínú ilé rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ pariwo kí àwọn ará ilé kejì lè sá jáde.

Ṣebí ìmọ̀ fúnra rẹ̀ kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi? Ẹni tó lò ó sí ibi nìkan kọ́ ló jẹ̀bi?

Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ jù nìyí, pé ọ̀bẹ kò pa ènìyàn, ẹni tó mú un lọ́wọ́ ló pa á. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ìtàn Fritz Haber fi ibi tí òótọ́ náà mọ hàn wá.

Haber, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ni ó wá ọ̀nà tí a fi lè mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́, kí a pa á pọ̀ mọ́ háídírójìn, kí a sì fi ṣe amóníà. Láti ara amóníà yìí ni a ti ń ṣe ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń lò káàkiri àgbáyé. Àìmọye ènìyàn ló ń rí oúnjẹ jẹ lónìí nítorí rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísìrì fún ọdún 1918. Amóníà yìí kan náà ni Jámánì lò láti ṣe ohun olóró tó ń bú gbàmù nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Bí ọ̀rọ̀ bá mọ síbẹ̀, a lè gbà pé ìmọ̀ kò jẹ̀bi, ẹni tó lò ó ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò mọ síbẹ̀. Haber fúnra rẹ̀ ló ṣáájú àwọn tó ṣètò bí wọn yóò ṣe fi gáàsì klorínì jagun, ó sì lọ sí ojú ogun ní ẹ̀bá Ypres ní ilẹ̀ Belgium láti bójú tó o. Wọ́n ri ẹgbẹẹgbẹ̀rún sílíńdà mọ́ ilẹ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n wá ń dúró de afẹ́fẹ́ tí yóò fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀tá. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, afẹ́fẹ́ kò fẹ́ síbi tí wọ́n ń fẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1915, afẹ́fẹ́ yí padà, wọ́n sì ṣí ẹnu àwọn sílíńdà náà. Èéfín tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè fà lórí ilẹ̀, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, nítorí náà ó ṣàn wọ inú àwọn kòtò tí àwọn ọmọ ogun Faransé sá pamọ́ sí, ó sì dí wọn ní èémí. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ìyàwó Haber, Clara Immerwahr, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísìrì, gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan náà, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ẹni tó ṣe amóníà lè sọ pé òun kò mọ ohun tí wọn yóò fi ṣe. Ẹni tó dúró lẹ́bàá sílíńdà tó ń retí afẹ́fẹ́ kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá bi mí bóyá ìmọ̀ lè jẹ̀bi, èmi náà máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé: ibo ni ẹni tó ni ìmọ̀ náà dúró sí nígbà tí wọ́n ń lò ó?

Bí ẹni náà kò bá mọ ewu tó wà nínú ohun tó dá ńkọ́?

Àìmọ̀ pín sí méjì. Ọ̀kan ni èyí tí kò sí ẹni tó lè mọ̀ ní àkókò náà. Èkejì ni èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ wà nílẹ̀ gbangba, àmọ́ tí ẹni náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Thomas Midgley, ṣe ohun méjì ní ìgbésí ayé rẹ̀ tó fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere.

Ní ọdún 1921, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàwárí pé bí a bá da àpòpọ̀ kan tó ní òjé nínú sínú epo bẹntiróòlù, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yóò jáwọ́ nínú kíkan gbà-gbà tó máa ń kan. Ayé ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ pé májèlé ni òjé. Òjé ti wọ Midgley fúnra rẹ̀ lára débi pé ó ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ara rẹ̀ lè balẹ̀. Ní ọdún 1924, àwọn òṣìṣẹ́ kú ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe àpòpọ̀ náà. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn, Midgley dúró níwájú àwọn akọ̀ròyìn, ó da àpòpọ̀ náà sí ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì ń fa òórùn rẹ̀ símú kí wọ́n lè gbà pé kò léwu. Ọdún 2021 ni orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn, Algeria, tó jáwọ́ nínú títa irú epo bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko ni, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọdé ni òjé ń ṣe ní ibi jù, nítorí pé ó ń dí ọpọlọ wọn lọ́wọ́ láti dàgbà bó ti yẹ.

Ohun kejì ni gáàsì CFC, tí ó ṣe ní nǹkan bí ọdún 1928 fún lílò nínú fìríìjì. Àwọn gáàsì tí wọ́n ń lò ṣáájú rẹ̀ máa ń pa ènìyàn bí wọ́n bá jò, CFC kò sì ń gbiná, kò ń ṣe ẹni tó bá fà á símú ní ohunkóhun. Kò sí ẹnikẹ́ni nígbà náà tó mọ̀ pé gáàsì yìí ń gòkè lọ ba ìpele ósóònù jẹ́, èyí tó ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tó léwu. Ọdún 1974 ni Mario Molina àti Sherwood Rowland kọ̀wé nípa rẹ̀, nígbà tí Midgley ti kú láti ọdún 1944, àwọn orílẹ̀-èdè sì fọwọ́ sí àdéhùn Montreal ní ọdún 1987 láti dín in kù.

Èmi kò lè dá Midgley lẹ́bi lórí CFC. Lórí òjé, mo dá a lẹ́bi. Ẹni kan náà ni, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣe ìpinnu ló yàtọ̀. Kí a má sì gbàgbé àwọn tó ṣì ń ta CFC lẹ́yìn ọdún 1974: ojúṣe ti kúrò lọ́rùn òkú, ó ti bọ́ sí ọrùn tiwọn.

Bí mo bá kọ̀, ẹlòmíràn yóò ṣe é. Àǹfààní wo ló wà nínú kíkọ̀?

Joseph Rotblat, onímọ̀ físíìsì tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Poland, wà lára àwọn tó ń ṣe bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1944. Ohun tó gbé e débẹ̀ ni ìbẹ̀rù pé Hitler lè kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ní apá ìparí ọdún náà, ó gbọ́ pé Jámánì ti jáwọ́ nínú ètò náà. Ìdí tó fi wá kò sí mọ́, ló bá di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Àwọn aláṣẹ fura sí i pé amí ni. Wọ́n ń bá iṣẹ́ náà lọ láìsí i, wọ́n sì ju bọ́ǹbù sí Hiroshima ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1945, wọ́n ju òmíràn sí Nagasaki ní ọjọ́ 9 oṣù náà.

Nítorí náà, bí ìbéèrè náà bá jẹ́ pé ṣé kíkọ̀ Rotblat dá bọ́ǹbù dúró, ìdáhùn ni pé kò dá a dúró. Ìwé ẹ̀bẹ̀ lórí lílo bọ́ǹbù náà tí Leo Szilard, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ físíìsì, kọ ní oṣù Keje ọdún yẹn, tí 70 onímọ̀ fọwọ́ sí, kò tilẹ̀ dé iwájú Ààrẹ Truman kí wọ́n tó ju bọ́ǹbù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìyókù ayé Rotblat di. Ó yí sí lílo físíìsì fún ìwòsàn, ó sì wà lára àwọn tó dá ìpàdé Pugwash sílẹ̀ ní ọdún 1957, níbi tí àwọn onímọ̀ láti ìhà àwọn orílẹ̀-èdè tó ń bára wọn ṣọ̀tá ti ń jókòó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè dín ohun ìjà wọ̀nyí kù. Òun àti Pugwash jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní ọdún 1995.

Ní tèmi, "ẹlòmíràn yóò ṣe é" kò tó ohun tí a ń pè ní ìdí. Ó lè jẹ́ òótọ́ nípa ayé, àmọ́ kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó ń sọ ọ́. Bí ẹgbẹ̀rún ènìyàn tó wà nídìí iṣẹ́ kan bá ń sọ ọ́, yóò wá dà bíi pé iṣẹ́ náà ṣe ara rẹ̀.

Kí nìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ìfọwọ́sí ẹni tí a ń ṣe ìwádìí lára rẹ̀?

Nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọn kò béèrè fún un. Lẹ́yìn tí wọ́n dá àwọn dókítà Násì lẹ́jọ́ ní Nuremberg ní ọdún 1947, àwọn adájọ́ kọ ìlànà mẹ́wàá sílẹ̀, àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ sì ni pé ẹni tí a fẹ́ dán nǹkan wò lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ gbà. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn sí ọdún yẹn, 1947.

Ní àkókò náà gan-an, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba ti ń ṣe ìwádìí kan lọ ní Tuskegee láti ọdún 1932. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú 600 ló wà nínú rẹ̀. Àrùn sífílíìsì ń ṣe 399 nínú wọn. Wọn kò sọ orúkọ àìsàn náà fún wọn. "Ẹ̀jẹ̀ burúkú" ni wọ́n ní ó ń ṣe wọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ fa omi láti inú egungun ẹ̀yìn wọn fún àyẹ̀wò, ohun tí wọ́n kọ sínú lẹ́tà sí wọn ni pé ìtọ́jú ọ̀fẹ́ pàtàkì ni. Wọ́n ṣèlérí owó ìsìnkú fún wọn kí wọ́n lè gbà kí wọ́n la òkú wọn wò. Nígbà tí pẹnisílíìnì di oògùn tí gbogbo dókítà ń lò fún sífílíìsì, wọn kò fún wọn, nítorí pé ohun tí ìwádìí náà fẹ́ mọ̀ ni bí àrùn náà yóò ti ṣe wọ́n títí wọn yóò fi kú. Ọdún 1972 ló tó dópin.

Ẹnì kan lè sọ pé ṣebí àwọn ọkùnrin náà ń wá fúnra wọn. Wọ́n ń wá lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí wọ́n gbà kọ́ ni wọ́n ń ṣe fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni tí a kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kì í ṣe ìfọwọ́sí.

Ṣé òfin àti ìgbìmọ̀ kò tó láti dáàbò bò wá?

A kò lè ṣe láìsí wọn, àmọ́ ènìyàn ló ń jókòó lórí àga ìgbìmọ̀. Ní ọdún 1960, Frances Kelsey ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iléeṣẹ́ tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà nígbà tí wọ́n gbé ìwé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní thalidomide sórí tábìlì rẹ̀. Wọ́n ti ń ta oògùn náà ní Jámánì láti ọdún 1957, àwọn aboyún sì ń lò ó fún èébì òwúrọ̀. Ohun tí gbogbo ènìyàn retí ni pé kí ó tẹ òǹtẹ̀ lù ú. Kelsey ka ìwé náà, ẹ̀rí inú rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó dá a padà. Wọ́n tún gbé e wá, ó tún dá a padà. Nígbà tó rí lẹ́tà dókítà kan nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn tó ń lo oògùn náà ń kú tipiri, ó béèrè pé kí ni yóò ṣe fún ọmọ inú oyún. Iléeṣẹ́ tó fẹ́ tà á kò ní ìdáhùn, wọ́n kàn ń pè é léraléra pé kí ó yára.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1961, wọ́n kó oògùn náà kúrò lọ́jà ní Jámánì. Ó ju 10,000 ọmọ lọ tí wọ́n bí káàkiri ayé pẹ̀lú apá tàbí ẹsẹ̀ tí kò dàgbà. Díẹ̀ péré ló wà ní Amẹ́ríkà nínú wọn. Òfin kan náà ni ẹlòmíràn ì bá fi tẹ òǹtẹ̀ náà.

Ta ni yóò dáhùn bí ewu bá jáde láti inú yàrá ìwádìí?

Ẹni tó bá tọ́jú ewu náà síbẹ̀. Ní ọdún 1977, ẹni tó kẹ́yìn tí àrùn ìgbóná mú láìti yàrá ìwádìí wá, ní Somalia, rí ìwòsàn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan tó ń ya fọ́tò ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kó àrùn náà. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè yàrá tí wọ́n ti ń ṣe ìwádìí lórí kòkòrò àrùn ìgbóná. Ó kú ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978. Obìnrin yìí kò bá wọn ṣe ìwádìí kankan. Iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló wá ṣe. Lónìí, ibi méjì péré ni àgbáyé gbà pé kí kòkòrò náà wà, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Rọ́ṣíà.

Bí ohun tí a dá bá jẹ́ ohun alààyè, ṣé ojúṣe náà yàtọ̀?

Ó yàtọ̀ gidigidi, nítorí pé ẹni tí a dá náà ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn wa. Kí Dolly, àgùntàn tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ara àgùntàn mìíràn dá, tó wáyé ní Scotland ní ọdún 1996, ìgbà 277 ni wọ́n gbìyànjú kí ọ̀kan ṣoṣo tó yè. Nínú ọ̀rọ̀ ẹran, a lè jiyàn lórí iye yẹn. Nínú ọ̀rọ̀ ọmọ ènìyàn, mi ò rò pé àríyànjiyàn wà níbẹ̀.

Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, He Jiankui, onímọ̀ ní ilẹ̀ Ṣáínà, kéde pé wọ́n ti bí ìbejì obìnrin tí òun ti fọwọ́ kan jíìnì wọn láti ìgbà tí wọ́n wà ní ọlẹ̀, kí kòkòrò HIV má bàa lè mú wọn. Baba wọn ní kòkòrò náà, àmọ́ ọ̀nà mìíràn ti wà tẹ́lẹ̀ tí irú baba bẹ́ẹ̀ fi lè bí ọmọ tí kò ní kó o. Ewu tí kò pọn dandan ni wọ́n gbé lé àwọn ọmọ náà lórí, bí ìyípadà náà bá sì ṣe ibi, àwọn ọmọ tí àwọn náà yóò bí lè jogún rẹ̀. Ilé ẹjọ́ rán He lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn ọmọ náà. Ó yẹ kí wọ́n dàgbà láìsí pé gbogbo ayé ń wò wọ́n bí ohun ìwádìí, ó sì yẹ kí ẹnì kan máa tọ́jú ìlera wọn títí ayé. Ojúṣe méjèèjì yìí ń ta ko ara wọn, ẹni tó dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ló sì fà á.

Ta ló ni ẹ̀bi nígbà tí ọgbọ́n àtọwọ́dá tí a mọ̀ sí AI bá ṣàṣìṣe?

Àwọn ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹ̀rọ tó ń yan ẹni tí wọn yóò gbà síṣẹ́ ṣe àpẹẹrẹ. Ara àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni ó ti ń kọ́ ohun tó mọ̀. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin ni wọ́n sábà máa ń gbà tẹ́lẹ̀, ẹ̀rọ náà yóò kọ́ pé ọkùnrin ló dára, yóò sì máa já obìnrin sílẹ̀ láìsí ẹni tó pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kó àkọsílẹ̀ jọ yóò ní ẹni tó kọ ètò náà ni, ẹni tó kọ ètò yóò ní ẹni tó rà á ni. Ojúṣe kò dà bí ẹran tí a lè pín títí tí kò ní ku nǹkan kan. Olúkúlùkù ló ru gbogbo ẹrù apá tirẹ̀. Geoffrey Hinton, tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ìpìlẹ̀ ìmọ̀ yìí, fi Google sílẹ̀ ní ọdún 2023 kí ó lè sọ̀rọ̀ fàlàlà nípa ewu rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń fẹ́ kí irú ohùn bẹ́ẹ̀ tètè jáde, kí nǹkan tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é.

Ṣé kò wá ní dára kí a dá ìwádìí tó léwu dúró pátápátá?

Nígbà mìíràn, ó yẹ kí a dá a dúró ná, kí a ronú. Ní ọdún 1974, àwọn onímọ̀ kan tí Paul Berg ṣáájú wọn kọ̀wé sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pé kí wọ́n dáwọ́ dúró ná lórí irú àwọn ìdánwò kan tí a ti ń gé DNA, ìyẹn ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, láti ara ohun alààyè kan lẹ̀ mọ́ ti òmíràn. Kò sí òfin tó dá wọn dúró, àwọn fúnra wọn ló dúró. Ní oṣù Kejì ọdún 1975, wọ́n péjọ sí Asilomar ní California, wọ́n sì fẹnu kò sí ìlànà pé bí ewu ìdánwò bá ti pọ̀ tó ni ààbò rẹ̀ yóò ṣe le tó. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà. Láti inú ìmọ̀ yẹn ni ínsúlíìnì tí bakitéríà ń ṣe ti wá, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1982, tí àwọn tó ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà ń lò títí dòní. Ká ní wọ́n ti ìlẹ̀kùn pa títí láé ni, àwọn yẹn ni ì bá jìyà rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo kà sí àléébù ìpàdé náà ni pé àwọn onímọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà yóò kan lára kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní ẹnu níbẹ̀.

Mo ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, mo sì rí ohun tí kò tọ́. Kí ni kí n ṣe?

Kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó o rí i gan-an, pẹ̀lú déètì, kí o sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Sọ fún ọ̀gá rẹ, kí ó sì wà ní kíkọ. Bí kò bá gbọ́, lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí ìwádìí náà. Wá àgbà kan nínú iṣẹ́ náà tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá kan náà, kí o fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́, nítorí pé ó ṣeé ṣe kí o ti ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Mi ò ní tàn ọ́: ó lè ná ọ ní nǹkan, ó sì lè pẹ́.

Peter Buxtun jẹ́ òṣìṣẹ́ kékeré nínú iléeṣẹ́ ìlera tó ń ṣe ìwádìí Tuskegee. Ó kọ̀wé ẹ̀sùn sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ọdún 1966, wọn kò ṣe nǹkan kan. Ó tún kọ ọ́ ní ọdún 1968. Ìgbìmọ̀ jókòó lé e lórí, wọ́n ní kí ìwádìí máa lọ. Ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, àmọ́ kò fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní ọdún 1972, ó fi ọ̀rọ̀ náà tó oníròyìn létí, ìròyìn náà jáde nínú àwọn ìwé ìròyìn ní oṣù Keje, kí ọdún náà sì tó parí, ìjọba ti fòpin sí i.